Ibi Tí A Ti Ṣá Irin

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi rẹ́ ògiri ní Mákùn, Ṣàgámù.
Nígbà tí Dókítà Ọ̀dúṣọ̀gà gbé irin ìgbáròkó lé mi lọ́wọ́,
orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran,
ṣùgbọ́n ibi tí yóò wọnú itan
rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò.
Mo ní, "Iṣẹ́ yìí ò tíì parí."
Ó rẹ́rìn-ín: "A mọ̀ọ́mọ̀ ṣá a ni, Bàbá.
A tún fi ẹfun tó bá eegun tan kùn ún,
kí eegun lè pè é ní ọmọ ìyá."

Hàáà.
Mufútáù, ọmọ iṣẹ́ mi, kò ṣá ògiri rẹ̀ ní Ìjokùn;
òjò àkọ́rọ̀ kan,
ó ṣí kúrò bí èèpo iṣu sísè.

Sìmẹ́ǹtì, ọjọ́ méje ni mo fi ń bomi wọ́n ọn.
Ti eegun, oṣù mẹ́ta lórí ọ̀pá.
Lóru, tí ilé bá pa rọ́rọ́,
mo máa ń fi ìka kan itan mi
bí mo ṣe ń kan ògiri tuntun,
mo ń tẹ́tí:
kò dún bí ohun tó ṣófo.