Ọkọ àti Ọkọ̀

Àmì ohùn kan péré ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀,
ọkọ mi Anselmo,
àti ọkọ̀ tó rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú Tandil.
Bí òtútù oṣù keje bá mú,
wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí oòrùn fi máa yọ.
Àwọn méjèèjì ń jò nísàlẹ̀.
Èmi ni mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dún.

Ó ní La Quiaca la máa wà á dé,
níbi tí ilẹ̀ Argentina ti parí lókè,
tí ẹni tó bá sún ẹsẹ̀ kan síwájú ti wọ Bolivia.
Mo wo táyà. Mo wo ibi tí ìpáàrà ti jẹ ẹnu ilẹ̀kùn bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì.
Mo ní: "Anselmo, jẹ́ ká kọ́kọ́ wà á dé ilé oníbúrẹ́dì ná."

Kò dé ilé oníbúrẹ́dì.
Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló tì í padà, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ wọn;
àtẹ́lẹwọ́ funfun mẹ́fà wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa títí dòní,
Anselmo ò jẹ́ kí n nù ún.

Don Evaristo tú ẹ́ńjìnnì ká sórí tówẹ̀lì àlòkù,
ó tò ó bí ẹní to eyín,
ó ń fa mate rẹ̀ mu, ó ń mi orí.
"Bíréèkì yìí," ó ní, "àdúrà ló ń bá a dúró."
A pààrọ̀ bíréèkì.
A fi àdúrà sílẹ̀ níbẹ̀, kò kúkú wúwo.

Mo gun àkàbà, mo fi gọ́ọ̀mù dí ihò tí òjò ń gbà wọlé.
Òjò lọ wá ihò mìíràn.
Mo lé e débẹ̀, ó tún sá.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣeré náà, èmi àti òjò,
nígbà tó yá mo gbé ìkòkò kékeré kan síbẹ̀,
mo ní: "Ó dáa, ìwọ náà á bá wa lọ."

Orí ẹrù nìjà wa wà.
Anselmo á gbé e wọlé lójúmọmọ, èmi á sọ ọ́ kalẹ̀ lóru:
gìtá tí kò ní okùn,
àga mẹ́rin (ta ló máa jókòó sí méjì tó kù?),
ìwé àlàyé rédíò tí a ti tà.
Òun náà yọ ìkòkò ńlá mi, kò wí nǹkan kan;
mo gbọ́ bó ṣe dún nínú ilé ìdáná bí ẹni tó ń bú mi.
Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ló ń mọ bí ṣíbí kan ṣe wúwo tó.

Lánàá ni mo ń fi sáńpépà ha ara kọ́bọ́ọ̀dù gíga inú ọkọ̀,
ọ̀dà àtijọ́ ń ré bọ́ sórí bàtà mi,
ni mo bá rí àwọn ìlà kéékèèké tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà,
ọ̀kan lórí èkejì:
Mirta, ọdún mẹ́rin. Mirta, márùn-ún. Mirta, mẹ́fà.
Wọ́n kọ méje. Wọn ò fa ìlà sí i.

Mi ò mọ Mirta.
Àgbẹ̀ tó ta ọkọ̀ fún wa kò bímọ.
Mo ro burúkú, mo ro rere:
bóyá wọ́n ti rílé gbé,
bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀, tó ní òun ti dàgbà.
Mo gbé sáńpépà sílẹ̀.
Gbogbo ara ọkọ̀ ló máa gba ọ̀dà tuntun, àfi ibẹ̀.

Nígbà tí Anselmo gbé gáàsì dé, mo fi hàn án.
Kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi,
ó ti òrùlé ọkọ̀ sókè kí n lè nàró.
Mo na ẹ̀yìn mi débi tó ṣì lè nà dé.
Ó fa pẹ́ńsù lé mi lórí, ó kọ ọ́:
Nélida, àádọ́rin ọdún ó lé kan.
Èmi náà fa tirẹ̀.
Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, alárékérekè, mo tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀la la ń lọ, bí ọkọ mi bá jí, bí ọkọ̀ mi bá jí.
Tí a bá padà, a ó tún dúró tì í,
ká wo ohun tí ọ̀nà bù lára wa.
Òjò ti ń kán sínú ìkòkò.
Òun ló kọ́kọ́ múra tán.