Owó Oko

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹja ní Pópó-Ọba báyìí,
kafé ni nígbà kan. Èmi ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
tí mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan fún ẹni tó bá mówó wá.
Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, fáànù kan,
jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé tó ń wúkọ́ bí arúgbó.
Àwòrán á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀
bí ìyàwó tí wọ́n ń ṣí ìbòjú rẹ̀:
iwájú orí, ìpéǹpéjú, imú.
Kí o tó rí ẹnu, wákàtí rẹ ti tán.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ lẹ́tà mọ́kànlélógójì
sí Làmídì, àbúrò mi, ní Jámánì.
N ò tẹ ìkankan sórí pépà. Kí ni n ó fi pépà ṣe?
Mo rò pé ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jẹrà.
Àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ni àpótí lẹ́tà wa ṣe kógbá wọlé.
Wọn ò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.
Làmídì ti kú nígbà náà.
Mo rántí pé ó kọ ọ́ pé òjò dídì kì í dún lórí òrùlé.
Ìyẹn nìkan ló kù.

Ẹ má rò pé ìwé ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn.
Ìwé gbèsè bàbá mi, kápẹ́ńtà ọkọ̀, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Ikán jẹ ẹ́ láti ojú ewé kejìlá dé ogún;
ikán ò bèèrè pásíwọọ̀dù.
Lọ́dún tí ọ̀sà wọlé, ó mu nínú yíǹkì rẹ̀.

Káòsárà, ọmọ ọmọ mi, ń ya èyí tó kù ní fọ́tò.
Ó ní òun ń gbé e lọ sójú sánmọ̀.
Mo ní, sánmọ̀ ta ni? Ta ló ń san owó ilé níbẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.
Ó ní kí fóònù ka ìkọ̀wé bàbá.
Fóònù kà á, kò kólòlò:
Mo gba owo oko lowo Sabitiyu, naira meje.

Bàbá ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Fóònù náà ò fi sí i.
Ṣé owó oko ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Ẹ̀jìnrìn ni?
Àbí ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ?
Fóònù ní ọkọ ni,
pé bàbá mi ta ọkùnrin kan fún Sábítíyù.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo wà níbẹ̀.
Ọkọ̀ ni, wọ́n kun imú rẹ̀ ní búlúù,
Sábítíyù fi ń kó ẹja yíyan.
Owó tó kù, ọ̀bọ̀kún ló fi san án,
a jẹ ẹ́ títí ó fi sú wa.
Kò sí nínú ìwé. Kò sí lójú sánmọ̀.

Bó dọ̀la, ọmọ Káòsárà lè má ṣí ìwé,
ó lè má tẹ nǹkan kan; á kàn sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́,
afẹ́fẹ́ á sì dá a lóhùn. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù.
Ìdáhùn tí kò ní sẹ́ni tó máa fi í rẹ́rìn-ín
ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Mo gba bírò.
Mo fi ẹ̀sẹ̀ kékeré sábẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì,
mo fa ìlà kan tó dà sílẹ̀ sórí èyí tó kẹ́yìn.
Káòsárà, tún un yà.