Ojú Rírán

Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ ní Ìpẹ́rù,
lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìlíṣàn,
sìgá lẹ́nu, tépù lọ́rùn, ẹsẹ̀ lórí máṣíìnì.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni eérú já bọ́ sórí aṣọ oníbàárà:
léèsì Ìyá Adébùkọ́nlá, ihò kan bí ojú ẹja.
Mo rán òdòdó bò ó. Kò mọ̀ dòní.

Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́ ní Ṣàgámù
kò bá mi dá àpárá òdòdó.
Ó ya ìfun sórí ìwé, ó fi bírò kun ibi tó bàjẹ́.
"A ó gé e níhìn-ín, a ó so orí méjèèjì pọ̀.
Télọ̀ ni yín, Bàbá Òṣínáìkè, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣòro fún yín.
Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfa sìgá."

Mo ní kí ló kan ẹ̀fín nínú ọ̀ràn ìfun?
Ṣebí àyà ni ẹ̀fín ń lọ.
Ó ní: "Òwú tí mo bá fi rán an, ó kàn ń dì í mú ni.
Ẹran ara fúnra rẹ̀ ló máa jinná mọ́ra,
ẹ̀jẹ̀ ló sì máa bọ́ ọ títí yóò fi jinná.
Ẹ̀fín a máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀.
Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, ojú rírán ibẹ̀ lè tú."

Mo ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣe méjì.
Lálẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún,
wọ́n mú iná lọ, òjò ń rọ̀,
mo rí ọ̀kan he nínú àpótí bọ́tìnnì.
Ọ̀kan pe èkejì. Mo jẹ orógbó lé e.
Ṣẹ̀gilọlá gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló tú,
nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò tó.
Ibà dé. Ikùn mi le bíi pákó tí mo fi ń lọṣọ.
Ikọ́ tó ti ń bá mi gbé láti ìgbà ọ̀dọ́
ń fa ojú abẹ, bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá rẹ̀.
Wọ́n tún gbé mi wọlé lóru.
Nígbà tí mo jí, wọ́n ti yọ ẹnu ìfun síta,
wọ́n so àpò mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn.
Èmi tí mo rán àpò sí ṣòkòtò gbogbo Rẹ́mọ!

Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ó ń dúró de afẹ́fẹ́.
Ọjọ́ tí àpò náà wú bíi bàlúùnù,
Ṣẹ̀gilọlá pàtẹ́wọ́ débi pé aláìsàn kejì jí.
"Ó ti só! Ọkọ mi ti só!"
Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí, mo tún rẹ́rìn-ín.
Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́ sìgá àpótí bọ́tìnnì.
Ó ní òun ti mọ̀. Ó ń bu ọ̀gì fún mi.

Wọ́n ní bí mo bá pa á tì pátápátá,
wọn yóò dá ìfun padà sínú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.
Ìkọ́kọrẹ́ ń wù mí. Sìgá náà ń wù mí, n ò ní purọ́.
Lánàá, Ìyá Adébùkọ́nlá wá kí mi,
léèsì yẹn gan-an ló wọ̀.
Mo ń wo òdòdó náà títí ó fi dìde.
Lẹ́yìn tó lọ, mo da àpótí bọ́tìnnì sórí ibùsùn.
Bọ́tìnnì nìkan ló wà níbẹ̀.
Mo tún un tú lẹ́ẹ̀kejì.