Ẹni Tó Ń Dójú Ti Òfò

Mo jókòó sí yàrá ìkàwé ìlú Duluth,
yìnyín ẹnu ọ̀nà ń yọ́ kúrò lára bàtà mi.
Atẹ́gùn ń ti orí adágún bọ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń tún ohùn dùùrù ṣe,
ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹ̀kọ́, ní pálọ̀ àwọn arúgbó
tó jẹ́ pé ológbò nìkan ló ń tẹ dùùrù wọn.

Nígbà tí Solveig wà láyé, ilé iṣẹ́ bébà ló ń san owó ìwòsàn wa.
A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀,
bí èèyàn kì í ti í sọ̀rọ̀ òrùlé títí yóò fi máa jò.
Solveig lọ lóṣù Kẹsàn-án. Inṣọ́ránsì tẹ̀ lé e.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí:
mo dàgbà jù fún àánú, n kò tíì dàgbà tó fún ti ìjọba.
Àtàǹpàkò ọ̀tún mi sì ń kú díẹ̀díẹ̀.
Mo tẹ dò, mo gbọ́ dò, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Mo pe nọ́ńbà mẹ́rin.
Ohùn ẹni àkọ́kọ́ dùn, ó dùn jù, bí okùn tí wọ́n fà kọjá agbára rẹ̀;
etí mi ti mọ̀ pé yóò já.
Ìkejì fi orin sí mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú.
Dùùrù ni, ohùn rẹ̀ sì ti yẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.
Ìkẹta béèrè kóòdù àdúgbò mi, ó dákẹ́, ó ní,
"Ì bá ṣe pé òdìkejì afárá lẹ ń gbé ni…"
Afárá yẹn! Mo ń rí iná rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi.
Ìrora ò mọ ààlà ìpínlẹ̀, iye owó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.
Ti ìkẹrin pọ́ọ́kú. Mo ka lẹ́tà wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀:
wọn óò wo gbogbo ara, àfi èyí tó bá ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀.

Ni mo bá wá sọ́dọ̀ Marjo Lahti,
tó ń jókòó síbí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tòun ti kọ̀ǹpútà àti páálí tíṣù,
tí kì í gba sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó ṣí ojú ewé kan: idẹ, fàdákà, wúrà.
Mo ní, ṣé ẹ̀gbà ọrùn la wá rà ni?
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wendell, èló lẹ máa pa lọ́dún tó ń bọ̀?"
Ta ní í bi ẹyẹ léèrè iye èso tí yóò ṣà lámọ́dún?
Mo ní ó dọwọ́ ẹni tí dùùrù rẹ̀ bá bàjẹ́.
Ó ní àpótí yẹn ò gba gbólóhùn, nọ́ńbà ló ń gbà.

Mo sọ nọ́ńbà kan.
Iye oṣooṣù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀,
bí omi ṣe ń fà kúrò létí òkúta,
ó dúró sórí dọ́là mọ́kànlá lé nígba.
Ọkàn mi balẹ̀, títí Marjo fi nàka sí ìlà kejì:
ẹgbẹ̀rún méje dọ́là ni n óò kọ́kọ́ yọ lápò ara mi
kí wọ́n tó nawọ́.
Dókítà Okerlund, tó mọ egungun mi lórúkọ, kò sí lára àwọn tí wọ́n gbà.
Ọ̀kan wà, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀,
bí yìnyín bá gbà.

Adójútòfò, ẹni tó ń dójú ti òfò:
kó tó kan òfò, ojú tèmi ló kọ́kọ́ tì.
Síbẹ̀, ó sàn ju kí n máa gbàdúrà kí n má ṣubú.
Mo fọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò mi ò mọ̀ pé òun fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń wọ ẹ̀wù òtútù, Marjo ní,
"Dùùrù kan wà nísàlẹ̀ ilé yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń sunkún.
Èló lẹ máa gbà?"
Mo padà jókòó.
Mo ní, "Marjo, èló lẹ máa pa lọ́dún tó ń bọ̀?"
Ìgbà yìí ló tó rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.