Òjìji Àwẹ̀ró

Ọ̀gá ní ká lọ ya ojú ara wa.
Ó ní ká wo dígí, ká má purọ́,
ká kó o wá lọ́jọ́ Ajé kí aago mẹ́wàá tó lù.
Dígí tèmi ní Mọ̀rẹ̀ ti sán láàárín:
ojú ọ̀tún wà lókè, ojú òsì rọ̀ sísàlẹ̀
bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.
Mo yà á, mo pa á rẹ́. Mo yà á, mo pa á rẹ́,
títí bébà fi lu níbi tó yẹ kí imú wà.

Mo gba Ìlódè lọ bá ìyá ìyá mi.
Àwẹ̀ró, akunlé bí ẹni kun ọmọ tuntun lósùn,
ogójì ọdún ló fi kun ògiri ilé òrìṣà,
ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.
Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màmá,
ṣé ẹ ya ara yín rí?"
Ó rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi já dànù lórí itan rẹ̀.
"Ta ní í ya ara rẹ̀? Ṣé mo sọnù ni?"

Àmọ́ nígbà tó ṣe, ó nu ọwọ́ sára ìró,
ó wo ògiri àgbàlá, ó wò ó pẹ́.
Ó ní àárọ̀ kùtù ni àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀,
obìnrin mẹ́fà, igbá aró kan, igbá osùn kan,
ẹfun nínú àpáàdì,
ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fa ìlà tín-ín-rín.
Oòrùn a yọ lẹ́yìn wọn, lápá Ìjẹ̀ṣà,
òjìji kálukú a balẹ̀ sára ògiri.
"Ibi tí tèmi bá dé, n ò fi aró kàn án.
Ẹfun nìkan ni mo fi ń kùn ún, wéré, kó tó sá lọ.
Àwọn yòókù rò pé àpáta ni mo yà.
Àwọn kan ní erin ni.
N ò bá wọn jiyàn."

Ó ní lọ́dún tí oyún ìyá mi wà nínú òun,
funfun náà yọ ikùn.
Lọ́dún tí ọkọ òun kú,
òun jókòó sílé, òun ò lọ,
aró gba gbogbo ògiri láti òkè délẹ̀,
wọ́n sì ní ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.
Ó sọ ìyẹn bí ẹni tu itọ́ dànù.
Lẹ́yìn náà ló ń kúrú, ló ń tẹ̀,
títí kò fi ju ìkòkò omi lọ mọ́.
Òjò ọdọọdún sì ń fọ gbogbo rẹ̀ wọ gọ́tà.

Mo ronú kan orí amọ̀ inú mùsíọ́mù,
ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n.
Èékánná ta ló fà á?
Mo ronú kan àwọn tó to àpáàdì sójú ọ̀nà, ní òòró,
ìlà kan wọ́ díẹ̀ níbì kan,
bóyá ọmọ ló ké lẹ́yìn ẹni tó ń tò ó.
Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.
Ifẹ̀ rántí orúkọ ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́;
ẹni tó kun ògiri ẹ̀yìn ìtẹ́,
"àwọn obìnrin ilé" ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lẹ bébà mọ́ ògiri àgbàlá,
mo kẹ̀yìn sí oòrùn.
Òjìji mi balẹ̀: ọrùn gígùn, etí kan yọ síta.
Mo mú èédú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Ọ̀gá á bèèrè imú. Á bèèrè ojú.
Kó bèèrè.
Mo gbọ́ ìró bàtà rọ́bà lẹ́yìn mi.
Òjìji kan, kúkurú bí ìkòkò omi,
gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí wọ inú tèmi,
kò sì jáde mọ́.
"Ẹ sún díẹ̀, Màmá."
"N ò sún. Yà á lọ.
Yára. Oòrùn ò jẹ ọ́ ní gbèsè."