Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá

Yàrá òkè tí wọ́n ti ń rán bàtà tẹ́lẹ̀, ní Gyumri,
òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù kò tíì kúrò lára ògiri.
Yìnyín ń já síta bí òwú ẹ̀gbọ̀n.
Àwa mẹ́sàn-án yí sítóòfù kan ṣoṣo ká,
a kò bọ́ ẹ̀wù òtútù, a kò bọ́ ìbọ̀wọ́.
Zaruhi gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ní:
"Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni wọn óò fún ọ.
Kí o tó tún mí, wọ́n ti gé e.
Kí lo fẹ́ kí ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà nílé gbọ́
kó tó yí tẹlifíṣọ̀n síbòmíràn?"

Vahram ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.
Ojú ìwé mẹ́fà ló kọ wá:
òfin ìlú, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè.
Ìlà kẹrin ló dé tí aago fi dún.
A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n.

Ó kàn mí. Zaruhi yí ohùn padà,
ó di oníròyìn tó ń wá ìjà:
"Ta ló ń sanwó fún yín?
Ẹ̀yin obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin,
ṣé ọmọ wa lẹ fẹ́ bà jẹ́?"
Mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ni.
Síbẹ̀ àyà mi ń lù kì-kì-kì.
Mo ní, "Àwa kì í ba ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ́—"
Ó gbọ́wọ́ sókè.
"Nvard, ẹnu ta lo fi ń sọ̀rọ̀ yẹn?
Ẹni tó bá wò ọ́ lálẹ́ òní,
'ba ọmọ jẹ́' ni yóò bá a dórí ibùsùn."
Òótọ́ ni.
Iṣẹ́ ẹrú ni ìbéèrè náà rán mi,
mo sì ń fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Gegham kò lè fojú hàn.
Ó ní kí á ya ẹ̀yìn òun nìkan.
A yí àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé,
a ta aṣọ bo gíláàsì,
iná pupa kámẹ́rà tàn.
Ó dákẹ́. Ó tún dákẹ́.
"Kò lè ṣeé ṣe," ó ní.
"Ìyá mi ló ń gé irun mi láti kékeré.
Yóò dá ọrùn yìí mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Igi tó wà nínú sítóòfù ta pàù.
Zaruhi ní, jẹ́jẹ́, "Bó bá dá a mọ̀, kí lo máa sọ fún un?"
Gegham kò yíjú padà. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀:
"Màmá, ẹ máa ń sọ pé kí n dé fìlà.
Mò ń dé e.
Ẹnì kan wà tó ń rán mi létí báyìí bí mo bá gbàgbé.
Torgom lorúkọ rẹ̀.
Ọbẹ̀ yín ló ń gbìyànjú láti sè. Kò mọ̀ ọ́n sè."

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún.
Vahram ká ojú ìwé mẹ́fà rẹ̀ sí méjì,
ó tún ká a, títí ó fi kéré ju ìsáná.
Gegham ní, "Ẹ pa á rẹ́."
A pa á rẹ́. Gbogbo wa rí i bí ó ṣe parẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà mi wà níwájú tẹlifíṣọ̀n,
abọ́ ẹ̀wà lórí itan,
òkúta lọ́tùn-ún, ẹ̀wà lósì.
Mo jókòó láì bọ́ bàtà.
Mo sọ orúkọ kan fún un, orúkọ obìnrin kan,
mo sọ ohun tó jẹ́ sí mi.
Lẹ́yìn náà ni mo ń kà á nínú:
méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá...

Kò wojú mi. Kò yí tẹlifíṣọ̀n síbòmíràn.
Ó ti abọ́ náà sí àárín wa.
"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," ó ní.
"Bá mi wá òkúta inú rẹ̀."