Ẹ̀ẹ̀mẹta Láàárín Ìṣẹ́jú Kan

Àbùùbùtán. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí
kò fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí,
síbẹ̀ ó mọ ohun tó ń wí:
ẹran tí a bù, tí a tún bù, tí kò tán.

Ní ìlà-oòrùn Girinlándì, nínú oṣù kẹjọ,
oòrùn á wọ̀, kò ní wọ̀ tán.
Wọ́n ta àwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà omi.
Ọkùnrin méje jókòó lórí àpáta, kò sẹ́ni tó wúkọ́.
Uusaqqat ló kọ́kọ́ rí ike àwọ̀n tó rì.
Kò pariwo. Ó kàn nàka.

Abo ni. Akọ rẹ̀ ló máa ń ní ìwo gígùn.
Ara rẹ̀ rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù.
Wọ́n dì í mú nínú omi tó ń gé ni lẹ́sẹ̀ bí abẹ,
Solvej, ọmọ Kopenhágìn, lẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́yìn,
ẹ̀rọ tí kò ju agolo mílíìkì lọ,
tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka bí ọkàn ṣe ń lù.
Uusaqqat gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí,
ọwọ́ tó ti pa ọgọ́fà irú rẹ̀.
Lọ́jọ́ náà, kò mú ọ̀bẹ dání.

Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ já, ó léfòó,
ó ń ké sí sátẹ́láìtì bí ọmọ ewúrẹ́ tó sọnù.
Nígbà tí wọ́n rí i, tí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà nínú àgọ́,
ẹ wá wo nǹkan:
ẹran tó ń sá àsálà,
tí ìrù rẹ̀ ń na omi, tó ń lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé,
ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ máa sáré.
Àwa, bí ajá bá lé wa, àyà wa a máa lù kìkìkìkì.
Tirẹ̀?
Kì.

Ẹ ka ení títí dé ogún.

Kì.

Solvej ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.
Ó tún un kà. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́.

Uusaqqat bu kọfí mu. Ó ní:
"Ọdún tí yìnyín gbé Qillaq àbúrò mi mì,
mo dúró létí ihò náà.
Gbogbo èèyàn rò pé àyà mi já.
Kò já. Ó jókòó ni."
Solvej gbé bírò, ó gbé e sílẹ̀.
Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ní Nuuk, nínú yàrá tí fìríìjì ti ń kùn tọ̀sán-tòru,
Tobiasine, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń gé iṣan èyí tí wọ́n pa ní èṣí.
Ẹran náà dú bí ẹ̀dọ̀ tí a yan jóná.
Ibẹ̀ ló ń kó èémí pamọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró,
bí ìyá àgbà tó di owó mọ́ etí ìró,
tó ń tú u ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.
Ọkàn tó bá ń sáré a ná an tán kí ilé tó dé.

Ó ṣí jíìnì rẹ̀ bí ìwé. Lẹ́tà mẹ́rin péré, àìlóǹkà ojú ewé.
Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń sọ fún ara
pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹ lọ sùn.
Èèyàn ní in. Ewúrẹ́ ní in.
Nínú ti àbùùbùtán, ọ̀rọ̀ náà ti ya,
ó ku àjákù.
Ibi tí wọ́n kọ ẹ̀rù sí, kò tíì rí i.

Fóònù dún. Bàbá àgbà ni.
Kò béèrè lẹ́tà mẹ́rin. Ó ní,
"Èyí tí a tú sílẹ̀ yẹn,
ìgbà wo ni ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù dáadáa?"
Tobiasine wo ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ.
Ó yọ ìbọ̀wọ́ kan.
"Bàbá, ẹ ṣì ń gbọ́ mi?"